Ọjọ́ Tí Mo Gba Ààwẹ̀ Gbígbẹ Lọ Ṣe Síkáànù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà, n ò ní fi ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ ahọ́n. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mu omi kí ẹ tó wá ṣe síkáànù, ẹ mu ún. Ẹ mu ún tán pátápátá. Ẹ má wo ojú ìyá yín, ẹ má wo ojú pásítọ̀, ẹ má sì ṣe bíi tèmi. Èmi gba ààwẹ̀ gbígbẹ lọ síbẹ̀. Ètè mi gbẹ, àpò ìtọ̀ mi náà gbẹ, ó sì kù díẹ̀ kí ìyẹn gbé mi lọ.

Bramalea ní Kánádà là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Ọkọ mi ń wa tírélà. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ó wà lọ́nà Manitoba. Iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni èmi náà ń ṣe, ṣùgbọ́n n kì í wakọ̀. Inú ọ́fíìsì kan ní Woodbridge ni mo máa ń jókòó sí, tí mò ń sọ fún àwọn awakọ̀ ibi tí wọn yóò ti gbẹ́rù àti ibi tí wọn yóò já a sí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ariwo ni. Awakọ̀ yóò ní yìnyín ti dí ọ̀nà, oníbàárà yóò ní ìyẹn ò kan òun. Ẹnu mi ni mo fi ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi fa ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ lọ jẹun yó.

Màmá mi ti Ìbàdàn wá bá wa gbé nítorí ọmọ, torí iṣẹ́ wa méjèèjì ò jẹ́ ká rójú ráyè. Wọ́n ń fi Yorùbá bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, ọmọ ń fi òyìnbó dá wọn lóhùn, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ara wọn yé. Tí wọn ò bá sí nídìí ọmọ, wọ́n wà lórí eékún. Màmá mi lè gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ṣòkòtò iṣẹ́ mi ò pa dé mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ìjẹkújẹ ni. Mo dín ìrẹsì kù, mo dín búrẹ́dì kù, ojú mi rù, apá mi rù, ṣùgbọ́n ikùn ń yọ síwájú. Ìrora kan wá ń ṣe mí nísàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ òsì, bíi pé ẹnìkan fi ìka tẹ̀ mí níbẹ̀ tí kò fẹ́ gbé e kúrò. Ará ibi iṣẹ́ mi kan ní mo kú orí ire, ọmọ kejì ti ń bọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oyún. Mo ti rí irú ikùn yẹn rí, ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹn ni àkọ́bí Màmá mi. Tíṣà ni, kò tíì lọ́kọ. Èmi ṣì wà nílé ìwé girama nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn aládùúgbò ò bèèrè ohun tó ń ṣe é. Oṣù ni wọ́n ń bá a kà. Ojú ti Màmá mi débi pé wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú ẹ̀gbọ́n mi, torí tó bá lọ jẹ́ ọmọ ni wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa wí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Orí òkè ni wọ́n gbé e lọ. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ní kó gbà. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé ọsibítù, dókítà kàn mi orí ni. Nítorí náà, nígbà tí ṣòkòtò mi ò pa dé mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi lọ́sàn-án lóru: ṣé ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi ló ti wà nínú èmi náà?

Mo gba ọ̀dọ̀ dókítà wa lọ. Ó fọwọ́ tẹ ikùn mi, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀, ó ní kí n lọ ṣe síkáànù, kí wọ́n wo òkè ikùn, kí wọ́n wo ìsàlẹ̀.

Ọmọbìnrin kan pè mí lórí fóònù láti ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú, ó sì ṣàlàyé yékéyéké. Nítorí ti òkè, n ò gbọdọ̀ jẹun láti òru mọ́jú. Nítorí ti ìsàlẹ̀, kí n mu omi ìgò ńlá kan tán kí n tó wá, kí n má sì tọ̀. Kí n wọ aṣọ tó fẹ̀, tí á rọrùn láti ká sókè. Mo ní mo ti gbọ́. Mo délé, mo sọ fún Màmá mi pé wọ́n ní kí n má jẹun.

“Ààwẹ̀ nìyẹn,” ni Màmá mi wí, inú wọn dùn. “Àwọn òyìnbó pàápàá ti mọ̀ ọ́n. A ó jọ gbà á ni. Gbígbẹ ni kó jẹ́.”

“Màmá, wọ́n ní kí n mu omi.”

“Ta ló ń gbààwẹ̀ tó tún ń mumi? Ìwọ fi omi náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wọn lé ọ, Á ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò níbẹ̀.”

Ẹni tí wọ́n tọ́ nírú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi á mọ̀ pé ààwẹ̀ olómi kì í ṣe ààwẹ̀ lójú tiwa. Ti aláboyún àti arúgbó ni, ẹnikẹ́ni kì í fi í yangàn. Èmi náà sì ti pẹ́ ní ìlú yìí débi tí n kì í ka ìkìlọ̀ wọn kún mọ́. Àwọn tó ń kọ ọ́ sára ife kọfí pé kọfí gbóná! Mo rò pé ọ̀rọ̀ omi yẹn náà, àṣejù wọn ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo rí ojú Màmá mi. Obìnrin tó ti sin ọmọ kan ń wo ikùn ọmọ kejì, ó ní kó o fi omi sílẹ̀, ìwọ á ní o ò fi sílẹ̀? Mo fi í sílẹ̀.

Inú plásà kan ni ibi ìyàwòrán náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí gbogbo ayé tò sí lọ́jọ́ náà tí wọ́n ti ń fi táyà wíńtà ti ìgbà yìnyín sí ọkọ̀. Obìnrin tó máa ya àwòrán inú mi tó ẹgbẹ́ mi, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n ká aṣọ sókè, ó da jẹ́ẹ̀lì sí mi níkùn. Ó ti mú un gbóná díẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fọwọ́ dì mú lé ikùn mi, ó wo òkè: ẹ̀dọ̀, òróòro, kíndìnrín. Ó ní kí n fa èémí sínú, kí n dì í mú, kí n tú u sílẹ̀. Ibẹ̀ lọ dáadáa, torí n ò jẹun. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, ó dáwọ́ dúró.

“Ìgbà wo lẹ mu omi kẹ́yìn?” ló bi mí.

Mo ní láti àná.

Kò bínú. Ó ṣàlàyé pé omi yẹn kì í ṣe fàájì. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, á ti ìfun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn tí ẹ̀rọ náà ń rán wọlé á sì gba inú omi kọjá lọ sí ilé ọmọ àti ilé ẹyin. Tèmi gbẹ táútáú, ìfun àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló dí ojú ẹ̀rọ. Mo ní ṣé kò sí ọ̀nà míì ni? Ó ní ó wà, wọ́n ń gba ojú ara wò ó, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ríran jìnnà. Ti orí ikùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ó nu jẹ́ẹ̀lì fún mi, ó ní kí n lọ gba ọjọ́ míì lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà ní, sọ́rì, oṣù tó ń bọ̀ ni ààyè wà. Sọ́rì! Ẹ ti gbọ́ sọ́rì àwọn ará ibí rí? Wọ́n á fi sọ́rì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, wàá tún dúpẹ́.

Mo ní, “Ẹ ṣeun. N ò lọ.”

Ó ní kí ni mo wí? Mo ní n ò lọ. Mo ní àṣìṣe náà tọwọ́ mi wá, mo gbà, ṣùgbọ́n omi kì í ṣe nǹkan tó ń gba oṣù kan kó tó wọ inú ènìyàn. Mo ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Màá jókòó síbí, màá máa mu omi. Tí ẹnìkan nínú àwọn tó gba ọjọ́ òní ò bá wá, kí wọ́n pe èmi. Tí gbogbo wọn bá wá, tí wọ́n sì fẹ́ tilẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni ká jọ sọ̀rọ̀ oṣù tó ń bọ̀. N ò pariwo o. Ẹni tó ń bá awakọ̀ tírélà fa wàhálà lójoojúmọ́ ti mọ̀ pé ohùn jẹ́jẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó wo àwọn tó tò sẹ́yìn mi, ó ní sọ́rì lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Màmá mi, tí wọ́n tẹ̀ lé mi wá, ń fa aṣọ mi. “Jẹ́ ká máa lọ. Má bá wọn jà ní ìlú onílùú.”

“Ìlú onílùú kẹ̀? Ikùn onílùú ni ikùn mi náà?”

Mo lọ síbi omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fi kọ́ọ̀bù pépà bu omi. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sẹ́nu, Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

“O fẹ́ já ààwẹ̀? Níṣojú mi? Ilẹ̀ ò tíì ṣú!”

Inú bí mi. Ẹ̀rù ń bà mí pẹ̀lú, ìbínú àti ẹ̀rù sì kì í bímọ tó gbọ́n. Mo ní, “Màmá, irú ààwẹ̀ yìí náà la gbà fún ẹ̀gbọ́n mi. A gbà á títí a fi sin ín.”

Mo wá gbé omi náà mu lójú wọn, gbogbo rẹ̀, láìmí.

N ò ní purọ́ pé mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́fun mi. Màmá mi tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gba kọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ mi, mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nù ni. Wọ́n rọra lọ síbi ògiri yẹn, wọ́n bu omi kún un, wọ́n gbé e wá.

“Mu,” ni wọ́n wí. Wọn ò wo ojú mi. Bí mo ṣe ń mu ún tán ni wọ́n ń bu òmíràn wá.

Ẹni tí kò bá tíì di ìtọ̀ mú lórí àga líle, kó má wá sọ fún mi pé òun mọ sùúrù. Wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wọlé, wọ́n ń jáde, èmi ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Àwọn tó ń dúró ń dín kù. Mo ti ń múra ẹjọ́ tí màá rò sílẹ̀ nígbà tí obìnrin tó kọ́kọ́ yà mí yọ sí wa fúnra rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ò wá. Ó ní ṣé ó ti kún? Mo ní bó bá fi kún ju báyìí lọ, kí wọ́n wá mú gárawà.

Mo ní Màmá mi máa bá mi wọlé. Ó ní kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí tòní rí bẹ́ẹ̀. Ó rò ó, ó gbé àga kan fún wọn. Ẹ gbọ́ o, ẹ lè bèèrè. Wọ́n lè ní rárá, ṣùgbọ́n ẹnu kì í ya nítorí ìbéèrè. Ẹ lè ní obìnrin lẹ fẹ́ kó yà yín. Ẹ lè ní kó dúró tó bá ń dùn yín.

Bó ṣe gbé ẹ̀rọ náà, Màmá mi ní kí n bi í bóyá iná rẹ̀ ò ní jó mi nínú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí iná níbẹ̀, ohùn ni, ohùn tí etí ò lè gbọ́. Á wọlé, á padà wá, ẹ̀rọ á fi ya àwòrán. Màmá mi ní, “Tó bá jẹ́ ohùn ni, kó yáa sọ ohun tó rí.”

Kò sọ nǹkan kan. Ibí yìí lẹ ti máa ṣinú rò. Ó tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn mi, ìtọ̀ fẹ́ pa mí, ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì ẹ̀rọ. Ó ń tẹ bọ́tìnì, ó ń wọn nǹkan. Ó padà sí apá òsì, ó tún padà síbẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnìkan nínú ẹbí wa ti ní àìsàn ilé ẹyin rí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, a rò bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Ó ní háà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n lọ tọ̀, ayé mi dùn! Ìgbà tí mo dé, ó ṣàlàyé ọ̀nà kejì, pé wọ́n á fi rọ́bà bo ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òun á rọra fi sí ojú ara mi, àti pé bí n ò bá fẹ́, n ò fẹ́ nìyẹn. Mo ní mo fẹ́. Màmá mi kígbe, “Yéè!” Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Nígbà tó parí, mo ní, “Kí lẹ rí?”

Ó ní wọn ò fún òun láyè láti sọ. Dókítà tó ń ka àwòrán ló máa kà á, á sì kọ̀wé sí dókítà mi.

“Inú mi lẹ wò. Inú mi!”

Ó ní òun mọ̀. Ó ní bí òun ṣe ń dákẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le kó-kó-kó náà ni òun ń dákẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, kí n má fi ojú òun ka nǹkan kan. Nígbà yẹn mo fẹ́ gbá a létí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, ẹ̀yin náà ẹ gbà á gbọ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà lèèyàn ń bi. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má sì jókòó máa retí ìpè. Èmi pè wọ́n. Mo pè títí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń dá ohùn mi mọ̀.

Dókítà wa sọ fún mi pé nǹkan kan ti hù nílé ẹyin mi ti òsì, ó tó ọsàn ńlá, omi wà nínú rẹ̀, ẹran wà nínú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Mo ní ṣé ikú ni? Ó ní òun ò mọ̀, àfi tí wọ́n bá yọ ọ́ wò. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n má fi falẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, àti ilé ẹyin yẹn pẹ̀lú. Ọkọ mi ló jókòó tì mí ní ọsibítù, Màmá mi dúró ti ọmọ.

Lọ́jọ́ tí a lọ gbọ́ èsì, Màmá mi ní àwọn á tẹ̀ lé mi. Dókítà ní ohun tí wọ́n yọ yẹn ti fẹ́ yíwọ́ di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò tíì yíwọ́. Kò tíì tàn kálẹ̀. Wọ́n á máa wò mí látìgbàdégbà, ṣùgbọ́n mo ti bọ́. Mo pariwo “Olúwa o ṣé!” débi pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo yíjú sí Màmá mi, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n wá jókòó padà, wọ́n tún ìró wọn ṣe.

“Bi í fún mi,” ni wọ́n wí. “Bi í pé bí ọmọ kan bá ní irú èyí, tí wọ́n sì tètè wo inú rẹ̀ báyìí, ṣé ọmọ náà ì bá yè?”

Mo mọ ọmọ tí wọ́n ń bèèrè. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Mo ní kó o bi í.”

Mo bi í. Dókítà ní òun ò lè sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí òun ò rí, ṣùgbọ́n irú èyí, bí wọ́n bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ló ń yè é.

Òyìnbó ò fi bẹ́ẹ̀ yé Màmá mi. Mo lè ní dókítà ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo lè ní ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ gidi ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ló pa ẹ̀gbọ́n mi, èmi ò sì ní fọwọ́ ara mi tún nǹkan kan bò mọ́ nínú ilé wa. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Màmá mi mi orí. Wọn ò sunkún. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ tí n ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí a ti sin ín. Wọ́n pè é bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Wọ́n ní, “Dárí jì mí.”

Dókítà bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.